Ọ́ìlì Tí Ó Yẹ Ṣọ́ọ̀kì Alùpùpù Rẹ, Àbẹ̀kẹ́

Ilé wa,
Ìfọ̀.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo pọ̀n tí ẹ̀yìn ò ro mí,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó wà pẹ̀lú rẹ ní Owódé Ẹ̀gbá níbẹ̀, àti pẹ̀lú onílé tó gbà ọ́ sílé. Ara wa le. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, àmọ́ bó ti ń sọ ọ́ ló ti ń jó. Láti ọjọ́ tí o ti pè wá pé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́, pé ìwọ ni yóò máa gun alùpùpù lọ sí àwọn abúlé láti fún àwọn ọmọ ìkókó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọkùnrin yìí ò lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Ẹni tó bá wá ra ẹyin lọ́dọ̀ rẹ̀, yóò sọ fún un. Ẹni tó bá wá ra ọ́ìlì lọ́dọ̀ mi, yóò tún jáde wá sọ fún un. Lánàá, arìnrìn-àjò kan dúró níwájú ilé wa, ó béèrè ọ̀nà ibùdókọ̀. Bàbá rẹ ní, "Ẹ yà sápá ọ̀tún, ẹ máa lọ tààrà. Ọmọbìnrin mi ti di òṣìṣẹ́ ìlera o!" Ọkùnrin náà ní, "Ẹ kú oríire, bàbá," ó sì gba apá òsì lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdùnnú nìkan ló mú mi gbé bírò. Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Wẹ́sídeè, o ní, "Mọ̀mí, iwájú máṣìnì tí wọ́n fún mi yìí ń fò bí ẹṣin. Bí mo bá tẹ bíréèkì, yóò rì wọlẹ̀. Bí mo bá bọ́ sí kòtò, yóò ta mí sókè. Mẹ́káníìkì tó wà nítòsí wa ní òun máa da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ki sínú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè, pé yóò le dáadáa."

Mo pariwo, "Má jẹ́ kó dà á o!" Nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já. Nígbà tí ìpè rẹ padà wọlé, n kò sọ ju pé kí o dúró de ìwé mi àti ẹrù kékeré kan tí dírẹ́bà yóò gbé wá bá ọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bàbá rẹ béèrè pé èé ṣe tí n kò kàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Mo ní ọ̀rọ̀ náà ò gba inú àtẹ̀jíṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì gùn nínú ilé wa, ọmọ mi. Inú rẹ̀ ni a ti bí ọ. O mọ̀ pé mo ń ta ọ́ìlì, o mọ̀ pé bàbá rẹ ń sin adìyẹ, ṣùgbọ́n a kò tíì sọ fún ọ bí àwọn méjèèjì ṣe pàdé. Ìtìjú ló dí mi lẹ́nu. Ó ti tó kí ìtìjú náà gba ìfẹ̀yìntì.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ́ìlì ní Ìbafọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ni ìsọ̀ náà. Nígbà tó ń kó lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Ìlọrin, ó fi ìsọ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Rafíátù, má jẹ́ kí omi wọnú ọ́ìlì, má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pọ̀ jù lẹ́nu rẹ." Ti omi ni mo gbọ́. Ti ọ̀rọ̀ ò wọ̀ mí létí.

Lójú tèmi nígbà náà, ọ́ìlì ni ọ́ìlì. Ì báà dúdú, ì báà pọ́n, ì báà ki, ì báà ṣàn, ohun tó bá ti ń yọ̀ lọ́wọ́ ni ọ́ìlì. Àwọn mẹ́káníìkì tó yí mi ká ń pè mí ní Àǹtí Olóìlì. Orúkọ yẹn wú mi lórí débi pé bí ènìyàn bá bi mí ní ohun tí n kò mọ̀, ẹnu mi ò lè sọ pé n kò mọ̀ ọ́n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan dé, ó ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìbẹ́pẹ, ó di kéréètì ẹyin mẹ́fà sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀. Ó máa ń kó ẹyin láti oko adìyẹ kan lẹ́yìn Mówè, lójú ọ̀nà Ọ̀fàdà, wá fún àwọn tó ń ta tíì àti búrẹ́dì ní Ìbafọ̀.

Ó ní, "Ẹ kú ọjà o, àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ọ́ìlì wo la máa ń dà sínú ṣọ́ọ̀kì iwájú? Tèmi máa ń rì jù bí mo bá tẹ bíréèkì."

Àbẹ̀kẹ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ki nìkan ló kù lórí tábìlì mi lọ́jọ́ náà, irú èyí tí wọ́n ń dà sínú ọkọ̀ àgbà. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ́ìlì kan wà tí wọ́n ṣe fún ṣọ́ọ̀kì. Mo gbé gálọ́ọ̀nù sókè, mo ní, "Èyí ló dáa jù lọ. Bó bá ṣe ki tó ni yóò ṣe gba ẹrù tó."

"Ó dá yín lójú?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò mí. Kí ni wọ́n ń pè mí níbí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó rà á, mẹ́káníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì dà á sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ tí gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo gbójú sókè, mo rí i. Ẹyin wà lára ẹ̀wù rẹ̀, ó wà lára ṣòkòtò, ó ń kán sílẹ̀ láti ara bàtà rẹ̀. Iwájú alùpùpù ti le bí odó. Gbogbo kòtò tó wà láàárín Mówè àti Ìbafọ̀ ló lu àwọn ẹyin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé kéréètì kan sórí tábìlì mi, èyí tí kò sí ẹyọ kan tó pé nínú rẹ̀.

Ó ní, "Àǹtí Olóìlì, ẹ kú àárọ̀. Mo mú ẹyin dé, ìyókù dọwọ́ aláta àti alálùbọ́sà."

Kò pariwo. Inú ẹ̀rín ló ti sọ ọ́. Kí ni ì bá dáa kí n ṣe? Ì bá dáa kí n kúnlẹ̀, kí n ní, "Ẹ má bínú, n kò mọ̀." Ohun tí mo sọ ni, "Ọ̀nà ló burú."

Ó ní, "Ọ̀nà yìí kan náà ni mo gbà lánàá, tí ẹyin mi sì pé." Ó yíjú padà, ó lọ.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo ní oríṣi méjèèjì tó fọ́ lórí tábìlì mi. N kò lè jẹun. Ẹyin kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni pé ọkùnrin náà fọkàn tán mi, mo sì fi irọ́ pàdé rẹ̀.

Ìmọ̀ràn kìíní nìyẹn, ọmọ mi. Ní ibi iṣẹ́ tuntun yìí, bí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tí o kò mọ̀, sọ pé, "N kò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n lọ béèrè." Kò sí ìyá ọmọ kan ní abúlé tí yóò fojú kéré rẹ nítorí rẹ̀. Bí o bá sì ti ṣì í, má wá ọ̀nà tí wàá dẹ́bi fún. Sọ pé o ṣì í. Ẹnu tó bá sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gbà á gbọ́ nígbà ẹgbẹ̀rún.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ti ìsọ̀, mo wọkọ̀ lọ sí Mówè. Wọ́n ti sọ fún mi pé bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó ń tún alùpùpù ṣe lábẹ́ igi fúrúùtù, Bàbá Sùúrù ni wọ́n ń pè é. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, mo ń ta ọ́ìlì, ṣùgbọ́n n kò mọ ọ́ìlì."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí tí irùngbọ̀n rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ó ní, "Ìwọ ni olóìlì àkọ́kọ́ tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Dìde, wá wo nǹkan."

Ìyàwó rẹ̀ ń ro ògì lórí iná lẹ́yìn ilé. Bàbá gba ìpọnpọn tí wọ́n fi ń rò ó, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n rò ó. Ògì náà ti ki, apá ń ro mí. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ bu omi gbígbóná sí i, kí n tún rò ó. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wẹ́rẹ́. Ó tún ní kí wọ́n bu omi sí i. Ògì di omi, ó ń ta sí mi lára. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá, oúnjẹ àárọ̀ wa nìyẹn o!" Bàbá ní, "Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́ níbí, ẹ̀kọ tún wà lọ́la."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní, "Ọ̀pá méjì ló di táyà iwájú mú. Sípíríǹgì wà nínú wọn, ọ́ìlì wà nínú wọn. Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù. Ọ́ìlì ló ń kọ́ sípíríǹgì ní ìwà, kó má baà máa fò kiri. Ihò tín-ín-rín kan wà nínú ọ̀pá náà. Bí táyà bá gòkè, ọ́ìlì á gba ihò yẹn kọjá. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, á gba ibẹ̀ padà. Bó bá ki jù, kò ní ráyè kọjá, gbogbo kòtò á bọ́ sí apá ẹni tó ń wà á. Bó bá ṣàn jù, á kàn máa sáré lọ sáré bọ̀, alùpùpù á máa jó lójú ọ̀nà. Èyí tó yẹ ni èyí tó ń kọjá, àmọ́ tí kò sáré kọjá."

Mo ní, "Báwo ni màá ṣe mọ èyí tó yẹ, bàbá?"

"Nọ́ńbà wà lára ìgò. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré ni ọ́ìlì ṣe ń ṣàn tó. Máa bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta kí o tó na ọwọ́ sí ìgò kankan. Kí ni ìwé alùpùpù sọ? Kí ló ń gbé? Ọ̀nà wo ló ń gbà? Ìwé ni kí o kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀, nítorí ẹni tó bímọ ló mọ orúkọ ọmọ."

Mo ti fi ìbéèrè mẹ́ta yẹn jẹun títí dòní. Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, ohun èkejì nìyí: wo abẹ́ ìjókòó alùpùpù rẹ, ìwé kan wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá. Bí kò bá sí, béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá tó fi máṣìnì lé ọ lọ́wọ́. Wá ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì iwájú sí. Mo ti fi ìgò méjì ránṣẹ́, nọ́ńbà mẹ́wàá ni, nítorí irú máṣìnì tí o dárúkọ fún mi, nọ́ńbà mẹ́wàá ni mo máa ń tà fún wọn. Síbẹ̀, má gba èmi gbọ́ ju ìwé lọ. Bí ìwé bá sọ nọ́ńbà mìíràn, ohun tí ìwé sọ ni kí o ṣe, kí o dá tèmi padà, inú mi á dùn. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ohun tó le ló lágbára. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú, koko ní í le. Bó ṣe rí fún ṣọ́ọ̀kì ló rí fún ọkọ, ló rí fún ọ̀gá ibi iṣẹ́.

Ó dára, jẹ́ kí n padà sórí ìtàn.

Bàbá Sùúrù fún mi ní ìgò ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì kan, mo sì béèrè ọ̀nà oko adìyẹ náà títí mo fi dé ibẹ̀. Mo bá ọkùnrin ẹlẹ́yin tó ń gbá abẹ́ àgò. Nígbà tó rí mi, ó gbé ìgbálẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ fi dáàbò bo ara rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, n kò ra ọ́ìlì lónìí o!"

Mo kúnlẹ̀ láàárín adìyẹ. Mo ní, "Ẹ má bínú. Ọ̀nà kọ́ ló burú. Èmi ni. N kò mọ̀ ọ́n, mo sì ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ dìde, adìyẹ á máa rò pé ẹ̀ ń kí òun." Ó wá ní, "Múfútáù lorúkọ mi."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ orúkọ bàbá rẹ.

Ǹjẹ́ o rò pé ìbànújẹ́ ọ́ìlì parí síbẹ̀? Rárá. Ẹni tó jẹ̀bi máa ń fẹ́ ṣe ju ohun tí wọ́n ní kó ṣe lọ. Nígbà tí mẹ́káníìkì da ọ́ìlì ti tẹ́lẹ̀ nù, tó fẹ́ da tuntun sí i, mo dúró tì í, mo ní, "Ẹ fi díẹ̀ kún un." Ó ní ó ti tó. Mo ní, "Ẹ ṣáà fi díẹ̀ kún un, oníbàárà mi pàtàkì ni." Mo rò pé bí ọ̀bẹ̀ ni, pé bí mo bá bu ọ̀pọ̀ fún un, á mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ ní àyè afẹ́fẹ́ díẹ̀ lókè ọ́ìlì. N kò mọ̀. Ọjọ́ kejì, bó ṣe ń ti oko bọ̀, ṣọ́ọ̀kì rì sínú kòtò kan, ọ́ìlì ò ríbi lọ, ó já síìlì tó dí ẹnu ọ̀pá, ó tú jáde, ó dà sórí bíréèkì iwájú. Nígbà tó dé kọ́nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ó tẹ bíréèkì, bíréèkì ò mú. Ó gba orí koríko kọjá, ó wọnú òkìtì eruku pákó ràì.

Wọ́n sáré wá pè mí. Ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀ títí mo fi débẹ̀. Mo rí i tó ń yọ jáde láti inú òkìtì, ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń sín. Kò fara pa. Ṣùgbọ́n mo bú sẹ́kún, mo sunkún débi pé àwọn agépákó dá iṣẹ́ dúró.

Ó wá bá mi, ó ń gbọn eruku kúrò ní fìlà rẹ̀, ó ní, "Ẹ má sunkún mọ́. Ẹyin ò sí lẹ́yìn mi lónìí."

Àbẹ̀kẹ́, níbẹ̀ ni mo ti mọ̀. Ọkùnrin tó jáde láti inú eruku, tó jẹ́ pé ẹkún tèmi ló kọ́kọ́ nù, irú rẹ̀ ò wọ́pọ̀. Bí o bá ṣe ń wo ẹni tí wàá fẹ́, má wo ìwà rẹ̀ nígbà tí ẹyin rẹ̀ pé. Wò ó lọ́jọ́ tí ẹyin fọ́. Mi ò ní kí o kánjú o. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Ìmọ̀ràn tó tẹ̀lé e, ìkẹta ni àbí ìkẹrin, mi ò kà á mọ́: wọn ọ́ìlì. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìwé alùpùpù á sọ iye tó yẹ kí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan gbà. Ohun tí ọ̀pá ọ̀tún bá gbà ni ti òsì gbọ́dọ̀ gbà, bí ìbejì, má fún Táíwò ju Kẹ́hìndé lọ. Bí wọ́n bá yàtọ̀, alùpùpù ò ní dúró déédéé lọ́wọ́ rẹ. Mo fi sírínjì ńlá tuntun kan sínú ẹrù náà fún ìwọ̀n. Má mú ti ibi iṣẹ́ rẹ lò o, ti àwọn ọmọdé nìyẹn. Nígbà tí bàbá rẹ kọ́kọ́ lọ ra sírínjì ní ilé oògùn fún ṣọ́ọ̀kì tiẹ̀, obìnrin tó ń tajà bi í pé, "Ta ni ara rẹ̀ ò yá?" Ó ní, "Alùpùpù ni, mà." Obìnrin náà ní, "Ẹ kú ìtọ́jú o."

Kí wọ́n da ọ́ìlì àtijọ́ nù tán pátápátá. Kí wọ́n tẹ ọ̀pá náà sókè sódò títí kò fi ní kán mọ́, kí wọ́n tó da tuntun sí i. Má jẹ́ kí wọ́n pa méjì pọ̀. Wo àwọ̀ èyí tó jáde. Bó bá funfun bí omi ògì, omi ti wọ̀ ọ́. Bó bá dúdú, tí nǹkan bí eruku irin sì ń dán nínú rẹ̀, ó ti pẹ́ jù níbẹ̀ ni. Bí ẹnu ọ̀pá bá ti ń rin tẹ́lẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ síìlì. Mo fi méjì sínú ẹrù. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ́ìlì bíréèkì wá, sọ fún un pé ìyá rẹ ní rárá, nítorí ó ń jẹ síìlì. Bí wọ́n bá ṣe gbogbo èyí tán tí iwájú rẹ̀ ṣì ń rì, a jẹ́ pé sípíríǹgì ló ti rẹ̀. Ọ́ìlì ò lè wo ìyẹn sàn. Lọ sọ fún ọ̀gá rẹ pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Àpótí tútù tí o ń gbé abẹ́rẹ́ sí kò gbọ́dọ̀ máa fò lẹ́yìn rẹ, ẹ̀yìn ara rẹ náà ò sì gbọ́dọ̀ máa fò. Ẹ̀yìn ọmọbìnrin ni, kì í ṣe ti irin.

Mẹ́káníìkì tó wà nítòsí rẹ ńkọ́? Má lọ dójú tì í. Ohun tó sọ fún ọ yẹn, èmi náà ti sọ ọ́ rí, mo sì gbé gálọ́ọ̀nù sókè lé e. Lọ bá a ní àárọ̀, kí i dáadáa, ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi olóìlì ló fi èyí ránṣẹ́, ó ní kí ẹ bá mi fi ọwọ́ yín ṣe é." Bó bá béèrè ìdí rẹ̀, ka ibi tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ ògì fún un. Á rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti bá ọ rẹ́rìn-ín kì í bá ọ jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o ṣe fún ìyá ọmọ tó bá gbàgbé ọjọ́ abẹ́rẹ́. Má bá a wí níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí bàbá rẹ bá ti pariwo mọ́ mi lórí ẹyin yẹn ni, èmi ì bá máa bá ọ̀nà jà títí dòní.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìwé lọ́wọ́, sírínjì lọ́wọ́, a da ọ́ìlì náà bó ṣe yẹ. Múfútáù ní òun fẹ́ dán an wò. Ó di kéréètì kan ṣoṣo mọ́ ẹ̀yìn, láìfi koríko tẹ́ ẹ, ó gbéra láti oko, ó ń bọ̀ ní Ìbafọ̀. Gbogbo ìsọ̀ ti gbọ́. Wọ́n dúró dè é bí ẹni tó ń dúró de ọba. Nígbà tó dé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé kéréètì sórí tábìlì mi, a bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, gbogbo wa pọ̀: oókan, eéjì, ẹẹ́ta... Nígbà tí a ka ọgbọ̀n, tí ọgbọ̀n sì pé láìsán, ariwo sọ! Àwọn mẹ́káníìkì ń lu agolo ọ́ìlì.

Ariwo náà ló fi bojú, ó tẹ̀ sún mọ́ mi, ó ní, "Rafíátù, mo fẹ́ kí o máa bá mi yan ọ́ìlì títí ayé." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò pè mí ní ẹ̀yin.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ béèrè nílé."

Wọ́n gbà. A ṣe yìgì, a kó wá sí Ìfọ̀ nílé bàbá rẹ, ó kọ́ àgò adìyẹ tirẹ̀ sẹ́yìn, mo to ìgò ọ́ìlì mi síwájú. Ọlọ́run sì fi ọ́ ta wá lọ́rẹ. Àlùhámúdù lílàhì.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ sọ, má sì rẹ́rìn-ín jù. Láti ọdún wọ̀nyí tí mo ti ń yan ọ́ìlì fún àwọn ènìyàn, èmi fúnra mi ò wa alùpùpù rí. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí. Nígbà tí o sọ pé iwájú máṣìnì ń ta ọ́ sókè, mo mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ bó ṣe ń dun ọwọ́. Ìyẹn dà mí láàmú. Lánàá ní àárọ̀, mo sọ fún bàbá rẹ pé kó kọ́ mi.

Ó ní, "Ìwọ?"

Mo ní, "Èmi."

A lọ sí pápá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọjà, nítorí àwọn ọmọ wà ní họ́lídè. Mo so ìbòrí mi le, mo wọ ṣòkòtò rẹ̀ kan sábẹ́ búbá, mo dé akoto. Bàbá rẹ di ẹ̀yìn máṣìnì mú, ó ń sáré tẹ̀lé mi, ó ń mí hẹlẹ, ó ń pariwo, "Rọra! Rọra! Tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀!" Máṣìnì kú lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn obìnrin tó ń lọ sọ́jà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Ọ̀kan ní, "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ṣé kò sí?" Mo ní, "Ọmọ mi ló ń wà á, mo fẹ́ mọ bó ṣe rí!" Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó gbéra. Ilẹ̀ pápá náà rí gbágungbàgun, mo sì gbọ́ ọ lọ́wọ́ mi, Àbẹ̀kẹ́. Mo gbọ́ bí táyà ṣe bọ́ sínú kòtò, tí ọ́ìlì gbà á, tó rọra gbé e padà fún mi bí ẹni tó gbé ọmọ tó sùn sórí ẹní. Mo yí ojú padà láti sọ fún bàbá rẹ pé kó má tíì jù mí sílẹ̀. Mo rí i ní ọ̀kánkán, ó ti dúró tipẹ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sórí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Èmi nìkan ni mo ń wà á. Mo pariwo orúkọ rẹ sókè bí aṣiwèrè, mo sì ń lọ.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń wa alùpùpù,
Rafíátù.